"Dye" àti "die": etí ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀

Ká ní ahunṣọ kan nílùú Ìsẹ́yìn fẹ́ fi WhatsApp sọ fún oníbàárà rẹ̀ lókè òkun pé òun ń rẹ òwú láró lọ́wọ́. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, "I am dyeing" ló yẹ kó kọ. Bí lẹ́tà "e" àárín yẹn bá fi já bọ́, "I am dying" ló kù, ìyẹn ni pé ó ń kú lọ. Fóònù ò sì ní fa ìlà pupa sí i nídìí, torí ọ̀rọ̀ méjèèjì ló wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Bákan náà ni wọ́n ń pè wọ́n.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí pọ̀ nídìí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Òkè-Ògùn. Aránṣọ tó ń to aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ ń "sew". Àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo ń "sow". Ohùn kan náà ni. (Bẹ́ ẹ bá wá pe "sow" yìí bíi "how", abo ẹlẹ́dẹ̀ lẹ pè yẹn o!) Èlùbọ́ ni "yam flour", ẹni tó bá kọ "yam flower" sára àpò, òdòdó iṣu ló ń tà, kò sì sẹ́ni tó ń fi òdòdó ro àmàlà.

Tiwa yàtọ̀. Igbá, ìgbà àti igba: lẹ́tà kan náà ni, ohùn la fi ń mọ̀ wọ́n. Ti Gẹ̀ẹ́sì dorí kodò: ohùn kan, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 1476 ni William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀díẹ̀, ìwé mú àkọtọ́ dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ẹnu ò dúró. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ń pe "k" inú "knight". Lónìí, òun àti "night" ti di ọ̀kan. "Dye" àti "die" gan-an tó ń dà wá láàmú, Samuel Johnson kọ méjèèjì ní "die" nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ lọ́dún 1755! Ó di nǹkan bí ọdún 1800 sókè kí wọ́n tó yà wọ́n pátápátá.

Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC ní láti ṣọ́ra níbì kan. "Ship" àti "sheep", "live" àti "leave", ẹnu Yorùbá ló sọ ìyẹn di ọ̀kan. Òyìnbó ń gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Nínú Oral English, ọmọ tó bá ní "ship" àti "sheep" dọ́gba yóò pàdánù máàkì. Èyí tó bá sì ní "sew" àti "sow" ò dọ́gba, torí pé lẹ́tà wọn yàtọ̀, òun náà pàdánù.

Kí wọ́n máa kọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn ló dáa, kì í ṣe ní ẹyọ ẹyọ. Ahunṣọ yẹn náà lè kọ "I am dyeing the thread". Bí "e" tiẹ̀ já bọ́, òwú tó wà níbẹ̀ á jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé aró ni, kì í ṣe ikú.