Mímọ Ewéko Inú Igbó

Bí a bá ń rìn lọ sí oko tàbí odò, oríṣiríṣi ewéko ni à ń rí lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn kan wà fún oúnjẹ, àwọn kan wà fún oògùn. Àwọn mìíràn sì lè pa ènìyàn lára. Báwo ni a ṣe lè dá wọn mọ̀?

Ojú ni a kọ́kọ́ ń lò. Ẹ wo ewé náà dáadáa. Ewé iṣu máa ń dá wà lórí ọ̀pá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ewé èsúrú jẹ́ mẹ́ta lórí ọ̀pá kan. Mẹ́ta náà ni ti yèrèpè. Nítorí náà, ewé nìkan kò tó. Ẹ tún wo ìtàkùn àti èso. Ìtàkùn èsúrú ní ẹ̀gún. Yèrèpè kò ní ẹ̀gún, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ gùn bí ti ẹ̀wà, irun pupa wẹ́wẹ́ sì bò ó. Bí irun yìí bá kan ara, ara yóò máa yún ni gidigidi. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ yà fún un.

Imú náà wúlò. Imí-eṣú ní òdòdó kéékèèké tí ó ṣù jọ sí orí rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í ṣe é gbàgbé.

Patanmọ́ ni ó rọrùn jù láti mọ̀. Bí a bá fi igi kékeré kàn án, kíá ni yóò pa ewé rẹ̀ dé. Omi tí ó wà ní ìdí ewé náà ni ó sún kúrò níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ o, ó ní ẹ̀gún.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ẹnu dá ewéko mọ̀ láéláé. Èsúrú kan wà nínú igbó tí ó jọ èyí tí à ń gbìn. Májèlé inú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Bí ẹ kò bá mọ ewéko kan, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ pe àgbà kí ó wá wò ó. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ìbéèrè
1. Kí ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàrin èsúrú àti yèrèpè?
2. Kí ni patanmọ́ máa ń ṣe bí a bá fi nǹkan kàn án?
3. Èéṣe tí a kò fi gbọdọ̀ tọ́ ewéko tí a kò mọ̀ wò?