Ìbọn afẹ́fẹ́ wo ló yẹ bàbá tó fẹ́ lé ọ̀kẹ́rẹ́ lóko?

Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bi mí léèrè irú ìbọn afẹ́fẹ́ tí òun lè rà, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ kò jẹ́ kí òun rí kòkó òun kó mọ́. Ẹ má bi mí pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ìbọn. Wọ́n ti gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wá bá wa lẹ́nu iṣẹ́ rí, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìnbọn afẹ́fẹ́ lù lójú. Ojú yẹn kò ríran mọ́. "Mo rò pé kò sí ọta nínú rẹ̀" ni ẹ̀gbọ́n ń wí, tó ń sunkún.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé àṣẹ ná. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tí èèyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ. Ẹni tó bá ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, irọ́ ló pa.

Èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ àgbá rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó ki ọta sí i ni mo fara mọ́ fún oko. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́, ẹ kò ní máa wá páǹpù kiri. Ṣùgbọ́n ó gba agbára. Bàbá tí èjìká ń dùn, kó ṣẹ́ ẹ wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin níwájú ẹni tó ń tà á kó tó sanwó. Bí àgbá bá já mọ́ni lọ́wọ́, ó lè gé ìka.

Ọta méjì ló wọ́pọ̀: mílímítà 4.5 àti 5.5. Èyí tó kéré ń yára lọ, ó dára láti fi kọ́ ìbọn yíyìn. Fún ọ̀kẹ́rẹ́ àti àparò, 5.5 ni kí ẹ mú. Ó wúwo, ẹran kì í sáà gbé ọgbẹ́ sá lọ kú sínú igbó. Orí ni kí ẹ fojú sùn, kó má sì jìnnà ju mítà 25 lọ. Ẹni tí kò bá lè yin ọta márùn-ún sójú kan náà tí kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ, kò tíì tó ẹran í yìn. Òkété ńlá, ẹ fi sílẹ̀ fún pàkúté.

Òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọta yìí. Mo ti rí ẹni tó ń kó o sẹ́nu bí ẹ̀pà, kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá! Májèlé ni òjé, ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, eruku òjé láti ara òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọdé tó tó 400. Ti ọta kò pọ̀ tó ìyẹn, àmọ́ ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, kí ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Aláboyún àti ọmọ kékeré, ẹran tí pàkúté mú ni kí wọ́n máa jẹ.

Nílé, ẹ ti ìbọn mọ́ ibì kan, ọta níbòmíràn. Bí ó bá ba ojú ẹnikẹ́ni, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má yọ ohunkóhun, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ife pépà bò ó, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bàbá tíṣà lọ ṣẹ́ ìbọn náà wò lóòótọ́. Nígbà kẹta, èjìká kọ̀ jálẹ̀. Pàkúté mẹ́fà ló rà bọ̀.