Láti Lántòrò dé Árò

Ní Abẹ́òkúta, bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan kò bá bára mu, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ sí Árò, ilé ìwòsàn ọpọlọ, gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín. Àwọn tí mo bá lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé kúlà oúnjẹ dání, wọ́n di káàdì sínú nylon, ojú wọn sì wà lára ilẹ̀kùn.

Lántòrò ni mo ti kọ́kọ́ yà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ní 1944 ni ìjọba òyìnbó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí. Àwọn sójà tó ti ojú ogun Hitler dé wà lára wọn. Títì mọ́lé ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú ìgbà náà. Láti ibẹ̀ ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Árò.

Obìnrin kan jókòó tì mí pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní ilé àdúrà ni àwọn kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹsẹ̀ rẹ̀. "Wọn ò bi í ní nǹkan kan. Èmi ni wọ́n ń bi."

Nígbà tó kàn wọ́n, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì. "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá. Oorun ńkọ́? Ṣé ẹ ń rí oúnjẹ jẹ?" Ẹ̀gbọ́n ti ń dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́." Gbogbo wa dákẹ́ títí ọkùnrin náà fi sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò lára ẹni tó fẹ́ tọ́jú ọkàn nìyẹn, yálà dókítà ni, wòlíì ni, àfáà ni tàbí oníṣègùn: ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Èyí tó bá ti mú ẹ̀wọ̀n tàbí pàṣán jáde, kí wọ́n gbé èèyàn wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kíá.

Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ló mú ìtọ́jú tí kò ní ẹ̀wọ̀n nínú fìdí múlẹ̀ ní Árò. Birmingham ló ti kọ́ ìṣègùn. Nígbà tó dé Árò ní 1954, wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán, ló bá tọ àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká lọ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan á tẹ̀ lé e, á máa se oúnjẹ, á máa fọ aṣọ, á sì máa mú un lọ gbàtọ́jú láràárọ̀. Onílé ń gba owó ilé. Ilé ìwòsàn bá wọn ṣe omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá. Inú mi dùn sí owó ilé yẹn, torí àánú kì í tún òrùlé ṣe. Lambo kò pa oògùn òyìnbó tì, ó sì tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ṣèpàdé ní Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, òfin wèrè ti 1958 ni Nàìjíríà ṣì ń lò títí Ààrẹ Buhari fi fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023.

Lọ́sàn-án, mo rìn wọ àdúgbò. Màmá kan tó ń ta gààrí ní ìyá òun gba àwọn aláìsàn sílé nígbà náà. Mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà wọ́n.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ṣebí ìyá wọn wà pẹ̀lú wọn. Èyí tó bá ń pariwo, ìyá rẹ̀ á pàrọwà fún un. Tí apá ìyá rẹ̀ ò bá ká a, ìyá tèmi á dá sí i."

Ó wọn gààrí fún mi, ó sì béèrè pé ta ni mo mú wá. Mo ní mo dá wá ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀.