Ẹ̀dá bíńtín tó ń sùn nísàlẹ̀ òkun fún oṣù mẹ́fà: Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rá ṣáwá àti títù ti ń wá

Bí ẹ bá ra ṣáwá tàbí títù lọ́jà, tẹ́ ẹ sì gbé e ka iná, ẹ máa rí i pé òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ọbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tíì da nǹkan kan sí i. Ọ̀rá ẹja náà nìyẹn. Púpọ̀ nínú ẹja inú fíríìsà wọ̀nyí, táwọn àgbà tún máa ń pè ní òkú Èkó, kì í ṣe inú omi wa ni wọ́n ti pa á. Òkun tó wà lápá àríwá, láàárín Norway, Iceland àti Scotland, ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ wọn wá. Ẹja ò sì lè ṣàdédé sanra. Ohun tó bá jẹ ló ń fún un lọ́ràá, ohun tí ṣáwá àti títù sì ń jẹ jù lọ́hùn-ún ni ẹ̀dá kan tí kò tó hóró ìrẹsì.

Calanus finmarchicus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Bíṣọ́ọ̀bù kan ní Norway, Johan Ernst Gunnerus, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé lọ́dún 1770, agbègbè Finnmark ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ. (Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ìjọ àti iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kì í fi gbogbo ìgbà bára wọn jà.) Mọ̀lẹ́bí edé àti akàn ni. Tó bá dàgbà tán, gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 4 lọ. Òun àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké mìíràn tí ìṣàn omi ń gbé kiri nínú òkun ni wọ́n ń pè lápapọ̀ ní zooplankton.

Kí ló ń gbé e lọ sùn?

Lókè àríwá lọ́hùn-ún, oúnjẹ inú òkun ní àsìkò. Bí oòrùn bá ti ń padà bọ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àwọn ewéko bíńtín tó ń léfòó lójú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í rú, bíi koríko tí òjò àkọ́rọ̀ kàn. Calanus á jẹ, á yó. Àmọ́ àsè yẹn kì í pẹ́. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, oúnjẹ ti ń tán lọ, àwọn ẹja tó ń wá Calanus fúnra rẹ̀ jẹ sì ti pọ̀ lójú omi. Èyí tó bá dúró síbẹ̀, bí ebi ò bá pa á, ẹja á gbé e mì.

Nítorí náà, kì í dúró. Látìgbà tó bá ti jáde nínú ẹyin, ìpele méjìlá ló ní láti là kọjá kó tó dàgbà. Níbi ìkọkànlá, tó ku ẹyọ kan péré, ọ̀pọ̀ wọn á dáwọ́ ìdàgbàsókè dúró. Wọ́n á ti kó ọ̀rá sínú àpò gbọọrọ kan láàárín ara wọn. Bí ẹ bá gbẹ omi ara rẹ̀ dànù, ọ̀rá yìí lè ju ìdajì ohun tó máa ṣẹ́ kù lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀ sínú ibú, láti mítà 500 títí dé ibi tó ju 1,000 lọ. Òkùnkùn biribiri ló wà níbẹ̀, òtútù sì ń bẹ. Lábẹ́ Òkun Norway, omi náà lè tutù dé òdo lórí ìwọ̀n Celsius, ó tiẹ̀ lè rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní jẹun, ìfun rẹ̀ á ṣófo, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mira. Ara rẹ̀ á kàn máa lo ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá yí iná àtùpà wálẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìgbín tó dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń retí òjò, ti mọ irú oorun tá à ń sọ yìí.

Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé òróró kì í rì sínú omi. Báwo wá ni ẹ̀dá tó kún fún ọ̀rá báyìí ṣe ń dúró sísàlẹ̀? Ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tá a fi ń dín àkàrà o, irú ìda kan ni. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tí òtútù ń mú un, tí ẹrù omi tó wà lókè sì ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀rá náà á máa kì pọ̀, á sì máa wúwo sí i, bí àdí àgbọn ṣe máa ń dì nígbà ọyẹ́. Tó bá dé ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti bá ti omi dọ́gba, ibẹ̀ ló máa rọ̀ sí. Kò ní láti lúwẹ̀ẹ́ kó tó lè dúró sójú kan. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó wà níbí yìí ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n á jí, wọ́n á bọ́ awọ ìkẹyìn sílẹ̀, wọ́n á di géńdé, wọ́n á sì gòkè padà. Abo á fi lára ọ̀rá tó kù ṣe ẹyin. Ta ló jí wọn? Kò sí oòrùn nísàlẹ̀ tó máa sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní aago kan wà nínú ara wọn. Àwọn mìíràn ní bí ọ̀rá ṣe kù sí ló ń sọ fún wọn. Ìyẹn ṣì ń fa àríyànjiyàn.

Bó ṣe kan ìkòkò ọbẹ̀

Ẹ wo òkúpòrókó. Ẹja cod ni wọ́n sá gbẹ lórí igi nínú òtútù, erékùṣù Lofoten ní Norway ló sì ti lókìkí jù. Nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹrin ni cod máa ń wá yé ẹyin síbẹ̀. Ohun tí ọmọ cod máa ń kọ́kọ́ jẹ nígbà tó bá pa ni àwọn ọmọ Calanus. Bí Calanus bá jí lásìkò, ọmọ ẹja á yó. Bí àsìkò wọn ò bá bára mu, ebi á pa ọmọ ẹja, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí ẹja tó yẹ kó kún àwọ̀n ò bá wọ̀ ọ́.

Ewu tó wà níbẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Bí ibú bá ń gbóná sí i, ara ẹ̀dá tó ń sùn á tètè jó ọ̀rá rẹ̀ tán. Á jí ṣáájú oúnjẹ, tàbí kó má jí mọ́ rárá. Ẹ̀rọ kan táwọn ọkọ̀ òkun olówò ti ń fà kiri láti ọdún 1931, tó ń kó àwọn ẹ̀dá kéékèèké jọ, ti jẹ́ ká mọ̀ pé Calanus finmarchicus ti dín kù gan-an ní Òkun Àríwá, North Sea, láti àwọn ọdún 1960 wá. Ìbátan rẹ̀ kan láti apá gúúsù ló ń gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í pọ̀ àfi nígbà tí ọdún bá ti lọ jìnnà.

Ní Amẹ́ríkà, omi Gulf of Maine gbóná lójijì láti nǹkan bí ọdún 2010, Calanus sì dín kù níbẹ̀. Àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní right whale, tí Calanus jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ gan-an, wá oúnjẹ lọ sí Gulf of Saint Lawrence ní Canada, níbi tí ọkọ̀ òkun àti okùn àwọn tó ń pa akàn ti pọ̀, tí òfin tó lè dáàbò bò wọ́n ò sì tíì sí. Lọ́dún 2017 nìkan, 17 ló kú ní Canada àti Amẹ́ríkà. Gbogbo èyí tó kù láyé báyìí ò tó 400.

Síbẹ̀, láti ọdún 2019, Norway ti gbà kí wọ́n máa pa tó 254,000 tọ́ọ̀nù Calanus lọ́dọọdún, kí wọ́n lè fún òróró rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní ohun tó wà nínú òkun pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́?

Kì í ṣe ibi tí yìnyín ti ń bọ́ nìkan ni wọ́n ti ń sùn. Ní etíkun Côte d'Ivoire àti Ghana, tó fi dé Togo àti Benin, ẹ̀dá kan wà tó jọ Calanus, Calanoides natalis lorúkọ rẹ̀, Calanoides carinatus ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ooru ló ń lé òun lọ sùn ní tirẹ̀, kì í ṣe òtútù. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń rú wá sókè láti ìsàlẹ̀, ojú òkun tó máa ń gbóná ju ìwọ̀n 27 lọ á sì wá sísàlẹ̀ 25. Oúnjẹ á pọ̀, ẹ̀dá yìí á gòkè wá láti ibi tó ti sùn sí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà nísàlẹ̀, á jẹ, á bí sí i. Ṣáwá òkun tiwa, ìyẹn sardinella, á tẹ̀ lé e wá sí ìtòsí etíkun, ìgbà yẹn ni àwọ̀n àwọn apẹja máa ń wúwo jù. Omi tútù yìí ò fi bẹ́ẹ̀ dé etíkun Èkó. Ó máa ń rọ̀ kó tó kọjá Cotonou.

Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí omi òkun Ghana, tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí wọ àwọn ọdún 1990. Wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀dá bíńtín wọ̀nyí ń dín kù bí ojú omi ṣe ń gbóná sí i. Wọ́n wò ó bóyá àwọn ọmọ ẹja ló ń jẹ wọ́n tán. Wọ́n ní ooru tó ń pọ̀ sí i, pàápàá ní oṣù tó yẹ kí omi tutù, ló ń ṣe wọ́n ní jàǹbá ju ẹnu ẹja lọ.