Gbígbọ́ Wà Nínú Ìgbàgbọ́

Ẹni tó bá ń lọ sí ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ lè ti gbọ́ ọ rí: “Má bèèrè, ṣáà gbàgbọ́.” Ọ̀rẹ́ mi kan kò lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ mọ́ nítorí ìdáhùn yìí. Ṣé òótọ́ ni pé ìgbàgbọ́ àti òye kò lè jọ gbé? Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a kọ́ nínú kíláàsì gírámà wò ó.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni “gbàgbọ́”: gbà àti gbọ́ ló wà nínú rẹ̀, àbọ̀ sì máa ń bọ́ sáàárín wọn, bíi “Mo gba Ọlọ́run gbọ́.” Gbọ́ kì í ṣe ti etí nìkan. Tí a bá ní Àìná gbọ́ Faransé, ohun tí à ń wí ni pé èdè náà yé e.

Ẹ wá wo “yé”. A kì í sọ pé “mo yé ọ̀rọ̀ náà”. “Ọ̀rọ̀ náà yé mi” là ń sọ. Nínú “mo gbà á gbọ́”, èmi ni olùwà. Nínú “ó yé mi”, èmi ni àbọ̀. Ènìyàn lè pinnu láti gbà, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ pé kí nǹkan yé òun. Ó ní láti fara balẹ̀, kó sì bèèrè.

Àwọn àgbà nínú ìsìn Kristi mọ èyí. Anselm, tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury ní 1093, ló kọ ìwé Proslogion. Orúkọ tó kọ́kọ́ sọ ìwé náà ní èdè Látìn túmọ̀ sí “ìgbàgbọ́ tó ń wá òye”. Ìgbàgbọ́ ló ṣáájú lójú tirẹ̀, àmọ́ kò jókòó sójú kan.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, ìwẹ̀fà ará Etiópíà kan ń ka ìwé wòlíì Àìsáyà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Fílípì bi í bóyá ohun tó ń kà yé e. Ọkùnrin náà ní kò lè yé òun láìsí ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà. Fílípì kò bá a wí. Ó gòkè jókòó tì í, ó ṣàlàyé, ọkùnrin náà sì ṣe ìrìbọmi lójú ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ìpàdé, tí ẹnì kan bá bèèrè ohun tí kò yé e, ẹ má pè é ní aláìgbàgbọ́. Ẹ jókòó tì í.