Erin Tó Ń Fò: Ojúsàájú Ló Já A Lulẹ̀

Ẹni tó bá ti ń wọ bàálù láyé ìgbà tí Ṣàgàrí ń ṣèjọba á rántí erin oníyẹ̀ẹ́ tó jẹ́ àmì Nigeria Airways. Á tún rántí pé èèyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kó dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ní kùtùkùtù, kí wọ́n sì ní bàálù ti kún. Àwọn ta ló kún un? Ìbátan ọ̀gá ni, ọ̀rẹ́ mínísítà ni, òmíràn ò tiẹ̀ san kọ́bọ̀!

Ọdún 1958 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bíi 1980, bàálù bíi ọgbọ̀n ló ní, wọ́n ń ná Èkó sí London, wọ́n ń ná New York. Àmọ́ ìjọba ló ń yan ọ̀gá àgbà, ìjọba náà ló ń yọ ọ́. Ọ̀gá tí kò bá ti ṣe ti mínísítà, kó yáa múra ilé. Tí tuntun bá dé, á kó àwọn èèyàn tiẹ̀ wọlé, àwọn tó mọṣẹ́ á wá máa kọ́ ẹni tó máa di ọ̀gá wọn lọ́la. Bàálù ń dín kù, òṣìṣẹ́ ò dín kù. Irú ìṣirò wo nìyẹn?

Lọ́dún 1979, wọ́n tiẹ̀ bẹ KLM láti Netherlands lọ́wẹ̀ kí wọ́n wá bá wọn tún un ṣe. Ọdún méjì làwọn òyìnbó náà lò. Bí wọ́n ṣe palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, kálukú padà sídìí àṣà àtijọ́.

Nígbà tí Ọbásanjọ́ padà dé, ó gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Obiora Nwazota dìde, pé kí wọ́n tú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti 1983 sí 1999 wò. Lọ́dún 2003, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Àwọn ọmọ ọ̀gá ti rọ́nà gbà lọ. Mẹkáníìkì, awakọ̀ àti akọ̀wé tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn sìn ni wọn ò rí owó ìdágbére gbà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi dúró. Lóṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ìjọba Bùhárí ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n jọ fún àyẹ̀wò l'Ékòó, Kánò àti Enugu. Ìdajì owó ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Òmíràn lára wọn, ọmọ rẹ̀ ló mú ìwé òkú bàbá wá.