Ṣé òṣùpá ni àbí wàrà? Bí ó ṣe yẹ kí á fèsì sí fọ́tò oúnjẹ tí ń fi ojú ẹni ṣeré

Kò sí ọmọ Ìlọrin tí kò mọ wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní ni wọ́n sábà máa ń sè é. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á fi oje ewé bọmubọmu sí i kí ó lè dì, wọ́n á sì bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kí omi rẹ̀ lè ro. Ojú apẹ̀rẹ̀ náà a máa hàn lára rẹ̀ bí ilà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ya fọ́tò òde ìgbéyàwó níbí ló ya ọ̀kan. Ó sún mọ́ ọn débi pé abọ́ kò hàn rárá. Nǹkan funfun kan ló léfòó nínú omi, ìmọ́lẹ̀ sì bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí." Ẹ̀rín ni mo bú sí. Mo ní, "Kí lèyí? Ṣé òṣùpá ni?" Ó rọra gba fóònù rẹ̀, kò sì fi irú rẹ̀ hàn mí mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé òṣùpá gan-an ni ó fẹ́ kí á rí.

Irú àwòrán báyìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1930, Edward Weston, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ata tútù ńlá kan, irú èyí tí ó jọ tàtàṣé, sẹ́nu àrọ páànù, ó sì yà á. Pepper No. 30 ni orúkọ fọ́tò náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá wò ó ni yóò kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn ènìyàn tí ó tẹ̀ kò kí ó tó rántí ọbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ síwájú yín, ẹ sọ ohun tí ojú yín kọ́kọ́ rí kí ẹ tó béèrè ohun tí ó jẹ́, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá ṣì í mọ̀, ó wúlò fún un ju "ó dáa" lọ, nítorí "ó dáa" kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ béèrè ibi tí fọ́tò náà ń lọ. Bí ó bá jẹ́ ti pátákó olóúnjẹ, àmàlà gbọ́dọ̀ jọ àmàlà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oníbàárà yóò kọjá lọ. Bí ó bá jẹ́ ti ara ògiri, ẹ jẹ́ kí ó ṣeré rẹ̀. (Àwọn àgbà kan yóò ní oúnjẹ kì í ṣe ohun ìṣeré. Wàrà ọ̀hún kò ṣòfò, wọ́n dín in jẹ.)

Àléébù náà wà o. Oòrùn ọ̀sán ti mú kí funfun wàrà náà pọ̀ lápọ̀jù, gbogbo ilà apẹ̀rẹ̀ ti parẹ́. Ǹ bá ti sọ fún un pé kí ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí òjìji wà.

Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi òmíràn ránṣẹ́. Mo ní ilẹ̀ tó sán lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo rí. Ẹ̀yìn àkàrà ni.